Dúró Kò Gbọdọ̀ Ṣubú

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá, 1974
Mo ti sọ fún Bẹ́líìtì — ọ̀gá ilé-ìwé wa ni, ìgbànú rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ wọ kíláàsì — pé n kò ní fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ni ní Ogun Àgídìngbì mọ́. A máa jà á ni! Bí òyìnbó ṣe yìnbọn lu Èkó ní 1851, àwọn ọmọ á fojú rí i ní etí ọ̀sà Ajah níbí. Ó ní ṣé ara mi yá. Ó yá gágá. Ta ló mọ ìtàn kọ́ ju èmi Odùkọ̀yà lọ, láti Ajah dé Addo?

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Àwọn ọmọ ti lọ wádìí lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé. Làtífátù mú ìtàn ọkọ̀ òyìnbó tó há sórí yanrìn wá. Ràṣídì ní bàbá bàbá òun nìkan ló lé wọn padà nígbà àkọ́kọ́. Irọ́ gbuu. Ṣùgbọ́n ó dùn.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ìgbáradì. Garawa kẹrosíìnì ni ìbọn wa, ẹfun ni òyìnbó fi pa ojú. Gbogbo wọn ló fẹ́ kú! Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kú bíi Dúró, ọmọ Fàúsátù tó ń yan ẹja. Á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á nawọ́ sókè, á ṣubú gbì. Òun ni balógun tí yóò kú kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Fàúsátù wá. Kò jókòó. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ò mọ orúkọ tọ́mọ mi ń jẹ́ ni? Mẹ́ta ló lọ kí eléyìí tó wá. Èmi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, ẹ̀yin ẹ ní kó máa kú lójú gbogbo ayé. Mi ò fẹ́ wàhálà o.”
Ojú tì mí. Orúkọ àbíkú — ojoojúmọ́ ni mò ń pè é! Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣèlérí: Dúró kò ní ṣubú. Àsíá ni yóò gbé.

Ọjọ́rú, 20
Dúró ń bínú. Ó ní ẹni tó ń gbé àsíá kì í jẹ̀gbádùn ogun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejìlá
Ogun wa dùn! Ẹsẹ̀ ò gbèrò. Bẹ́líìtì pàápàá pàtẹ́wọ́. Garawa dún, àwọn ọmọ ń ṣubú, Dúró dá dúró pẹ̀lú àsíá. Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi, má dán an wò. Garawa tún dún — ó ju àsíá nù, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣubú. Kò tíì kú dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.
Fàúsátù já wọ àárín ogun. Gèlè bọ́. Ó ti òyìnbó kan ṣubú. Ó gbé Dúró, ọmọ tó ti tóbi tó yẹn, sí èjìká. Ọmọ ń pariwo, “Màámi, eré ni o! Eré ni!” Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ni ìyá Làtífátù bá jáde wá gbé tirẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Wọ́n gbé gbogbo òkú mi lọ, wọ́n ń gbọn yanrìn kúrò lára wọn.
Mo ti pèsè orin ìparí. N kò lè dá a. Mo sunkún.
Gbogbo ìwádìí wa yìí, a kò béèrè ẹni tó gbé àwọn tó kú.

Ọjọ́ Ajé, 9
Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ béèrè nílé, ta ló gbé àwọn tó kú? Èsì ti wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ ni: àwọn ìyá wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Dúró ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Mo ti mú ṣọ́ọ̀kì láti kọ ọ́ sójú pátákó.
Ó ní, “Tíṣà, màámi ní kì í ṣe ìyá. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin ló wá gbé àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ, wọn ò jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kàn wọ́n. Títí dòní, àwọn ò mọbi tí wọ́n sin wọ́n sí.”
Mo dá ṣọ́ọ̀kì padà sí àpò.