Omi Tí Ẹ́ńjìnnì Ń Mu

Ìyá Toyibat, mo kí gbogbo yín ní Ṣakí láti Ìlaròó níbí. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, èrò ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́, ṣùgbọ́n kò burú.

Mọ́tò wa ló ń gbóná. Bí mo bá bu omi kún rédíétọ̀ láàárọ̀, á ti gbẹ kó tó di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí omi kankan kó kán sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé obìnrin kan tó ń rọbí láti Ìfọ́nyìntẹ̀dó. Bí a ṣe dé Ìlobí, ẹ́ńjìnnì hó. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n bí i sójú títì." Mi ò dúró kó tutù kí n tó ṣí ìdérí rédíétọ̀. A dé ilé ìwòsàn, ó sì bí obìnrin.

Kòkúmọ́, mẹkáníìkì wa, ti yẹ mọ́tò náà wò. Ọ́ìlì ti funfun bí ògì. Ó ní, "Gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Inú ẹ́ńjìnnì gan-an ni omi ń wọ̀ lọ." A máa tú u palẹ̀, nítorí náà ẹ má retí mi níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ.

Kòkúmọ́ náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì wà nínú báńdéèjì. Kò dùn mí púpọ̀.

Bá mi kí Màmá. Sọ fún Toyibat pé bí mo bá dé, apá òsì ni màá fi gbé e.

Ṣàíbù, ọkọ rẹ.