Owó Orí Lórí Afárá Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe

                                        Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwé,
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Iṣẹ́ ọsibítù ńkọ́? Àwa ń mí níhìn-ín, ọpẹ́ ni. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, torí ó mọ̀ mí.

Ó rẹ̀ mí, àbúrò mi. O rántí afárá kékeré ẹnu òpópónà wa tó wó? A bẹ káńsù títí, wọn ò dá wa lóhùn. Nígbà tó sú wa, a dáwó jọ. Bíríkìlà po sìmẹ́ǹtì, èmi kan pákó, afárá dúró. Ibi tí orí wa ti dàrú nìyí o: a ní ká pe káńsù wá ṣí i, kí ojú lè tì wọ́n. Ojú wo? Wọ́n wá, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ní òpópónà wa ti di onípò kìíní, owó orí ṣọ́ọ̀bù sì ti lọ sókè. Ẹni tí kò bá san, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Àfọwọ́fà gbáà!

A ṣèpàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá Oníbúrẹ́dì fàáké kọ́rí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ san. Èmi náà ń pariwo: a ti bá wọn ṣe iṣẹ́ wọn, kí la tún jẹ wọ́n? Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ló ní bí a ò bá san owó orí, ebi ò ní pa àwọn ọ̀gá káńsù. Aláìsàn tó wà ní ọsibítù káńsù ló máa jìyà rẹ̀. Ó kọjú sí mi: "Àbúrò rẹ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún un ni?"

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ náà kúkú ni!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé owó àpò ara rẹ lo fi ń ra ìbọ̀wọ́ tí o fi ń gbẹ̀bí. Tí mo bá san, àwọn kan á kó o jẹ. Tí mi ò bá san ńkọ́, kí ni wọ́n á fi ra ìbọ̀wọ́?

Mo lọ san án. Mi ò ní purọ́, ẹ̀rù ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ la ti ń jẹun. Mo bi akọ̀wé káńsù tó ń gbowó lójú fèrèsé léèrè ibi tí owó náà ń lọ. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ gba risíìtì yín, èrò wà lẹ́yìn yín." Láàárọ̀ àná ni wọ́n ti ilé búrẹ́dì Ìyá Oníbúrẹ́dì pa. Mo kí i. Ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni mí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Bí ìbọ̀wọ́ bá dé sí ọsibítù yín, kódà kó jẹ́ páálí kan péré, tètè kọ̀wé sí mi, kí n lè rí ohun tí màá fi bẹ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Bí kò bá dé, jọ̀wọ́, má sọ fún mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti rẹ̀,
Bọ̀dá Onípákó.