Ohun Tí Ọmọ Rẹ Ń Kà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ tí ó wà lọ́dọ̀ yín. Orúnkún mi ti gbọ́ oògùn. Ìyá rẹ ń kí ọ.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó mú mi kọ̀wé: ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa ti wọ kíláàsì karùn-ún, kò sì tíì mọ̀wé kà. Olùkọ́ wọn a ka ìlà kan, gbogbo kíláàsì a gbè é. Ọmọ rẹ ti há gbogbo ìwé kíkà wọn sórí. Lóṣù tó kọjá, bí ó ti ń kà á fún mi, mo ṣèèṣì ṣí ewé méjì pọ̀, ni ó bá ń ka èyí tí a fò, geere.

Mo ní, “Ìyá mi, níbo lo ti rí ìyẹn?”

Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ má sọ fún màmá mi.”

Yàrá ẹ̀yìn ni mo ti ń kọ́ ọ, pẹ̀lú rédíò tó ń ké. Ògiri létí, aránṣọ tó bá wa gbélé sì lẹ́nu. Èmi tí mo dá kọ́ ara mi mọ̀ pé ìtìjú ni kì í jẹ́ kí èèyàn bèèrè.

Dákun, má bá a wí. Fi ìwé ìtàn tí kò gbọ́ rí ránṣẹ́, má sì fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni.

Àdúrà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, ọmọ rẹ ni ó kọ́kọ́ kà á sókè, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí ó kà á fún un tẹ́lẹ̀:

Kí ọ̀nà rẹ là, kí o bá wa láyọ̀.

Bàbá rẹ.