Alàgbà Ọláṣùpọ̀ Abọ́dúndé, Alágbàsọ Yábà (1919–1978)

Ní agbo ilé Abọ́dúndé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ni wọ́n ti bí Alàgbà Ọláṣùpọ̀ Abọ́dúndé ní ọdún 1919. Ahunṣọ ni Oyèníran, bàbá wọn. Àṣàbí, ìyá wọn, ń ta òwú. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà kí wọ́n tó bá ẹ̀gbọ́n wọn wá sí Èbúté Mẹ́ta ní 1937, níbi tí wọ́n ti di akọ̀wé réluwéè.

Ní 1946 ni wọ́n gbé Gertrude, tíṣà ọmọ Ìjẹ̀bú, níyàwó. Nínú pálọ̀ wọn ni Bàbá ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ táípù lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà ló di ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba. Bí Bàbá bá wọlé, wọ́n á dìde, wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀."

Ojúlùmọ̀ yìí ni Bàbá fi dá Ilé Iṣẹ́ Alágbàsọ Abọ́dúndé sílẹ̀ ní Yábà ní 1971. Wọn kì í ṣe lọ́yà. Kọ́ńpìnnì tó bá ń wá ilẹ̀ tàbí ìwé àṣẹ ni wọ́n ń bá lọ rí ìjọba. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́.

Ìdílé kò ní fi ti 1974 pamọ́. Kọ́ńpìnnì oníbisikíìtì kan fẹ́ ilẹ̀ ní Muṣin. Bàbá bá wọn sọ ọ́, ìjọba sì fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Yẹ̀kínnì wá sí ọ́fíìsì. Ó ṣàlàyé pé àwọn mẹ́rìnlélógún ló ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti ní kí àwọn kó jáde. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa. Kí lẹ sọ nípa àwa?"

Màmá sọ pé Bàbá kò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹkáníìkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ bá Sùnmọ́nù, akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà.

Wọ́n ní, "Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ tó ṣe mí láǹfààní nìkan ni mo sọ fún ọ. Mo wá sọ ìyókù."

Inú bí Sùnmọ́nù, ọdún kan gbáko ni kò fi yà kí wọn. Síbẹ̀ ó yí ìwé náà padà: kọ́ńpìnnì gba ilẹ̀ mìíràn, àwọn mẹkáníìkì kò sì kúrò. Oníbisikíìtì fi Bàbá sílẹ̀, àwọn kọ́ńpìnnì méjì mìíràn sì tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, Bàbá kò tún gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kankan sọ láì kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ náà.

Díákónì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọ́n sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá.

Ní oṣù kẹwàá, 1978, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Bàbá sùn nínú Olúwa nílé wọn ní Sùúrùlérè, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Wọ́n fi Màmá Gertrude sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Ọláṣẹ́gun, Àràmídé àti Kíkẹ́, àti ọmọ-ọmọ méje.

Ẹ sùn re, Bàbá. Ẹnu tó ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ ti sinmi. Ó ku àwa tí yóò máa sọ tiyín.