Ohùn Tí Mo Dá Padà Nítorí Fèrèsé Ìyá Àgbà

Èmi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Odídẹrẹ́ nítorí mo máa ń sín ohùn ènìyàn jẹ, ọmọ télọ̀, tí mo kàwé dé ìdajì kí ìwé tó sá fún mi, mo sọ ọ́ di mímọ̀ pé orí mi pé, ara mi sì le. Ìtìjú nìkan ló ń pa mí lọ. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ́ kú, nítorí náà mo ń pín ogún mi lójú ayé mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni kó mú un ṣẹ. Kó má fi nǹkan kan pamọ́ bó ṣe fi bàtà mi pamọ́ lọ́jọ́sí.

Ìkíní: Mo dá ohùn olùkọ́ àgbà padà fún un, àti ikọ́ méjèèjì tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wọn ibi tí òórùn oko adìẹ ń dé, wọ́n to àwọn ará àdúgbò sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Wọ́n ní kí oníkálùkù fi imú ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kó sì kọ bó ṣe le tó, láti òdo dé márùn-ún. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kọjú sí wa gan-an ni. Mo lúgọ sẹ́yìn ògiri, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kò sí òórùn kankan o. Ta ló fẹ́ ta ko olùkọ́ àgbà? Gbogbo wọn kọ òdo, títí kan onítáyà ìtòsí wa. Olùkọ́ àgbà fúnra rẹ̀, nígbà tó gbọ́ pé òun ti sọ̀rọ̀, ó kọ òdo.

Ìyá àgbà wa, tó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa, nìkan ló kọ márùn-ún. Wọ́n ní imú arúgbó ń tàn án jẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú.

Kọ̀ǹpútà wọn wá ya àwòrán pé òórùn kò kọjá ọgbà oko. Òkìtì ìgbẹ́ adìẹ sì wà lẹ́yìn fèrèsé Ìyá àgbà títí di òní. Kò ṣí i mọ́. Kò sì bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìkejì: Ọmọlanke mi di ti olóko adìẹ, kó fi kó òkìtì náà. Mo dá ohùn tó fi ń pe adìẹ jẹun padà pẹ̀lú. Ìgbátí tó gbá mi nítorí rẹ̀, mo ti jẹ ẹ́ tán.

Ìkẹta: Bẹ́ẹ̀dì mi ní yàrá iwájú di ti Ìyá àgbà. Èmi ni n ó máa sùn sí ìdí fèrèsé tirẹ̀.

Ìkẹrin: Ohùn tèmi gan-an. Ọmọ onídìrí tí ọkàn mi ń fà sí ní kí n fi kí òun lẹ́ẹ̀kan péré, mo fi ohùn pásítọ̀ kí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo fún un, bó bá ṣì fẹ́.

Mo ti lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ náà. Wọ́n ní ẹnu òpùrọ́ kan kò tó. Àfi kí méjì nínú àwọn tó kọ òdo gbà pé imú àwọn kọ́ ló kọ ọ́, kí àwọn tó padà wá. Nítorí náà, ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé yìí ṣe ẹlẹ́rìí mi ti gbà bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà.

Mo fọwọ́ sí i, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì.
Odídẹrẹ́

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Onítáyà. Ẹ má bínú, Màmá.
Olùkọ́ àgbà. Èmi fúnra mi ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń rùn.