Ìhágún Adérógbà Ọláoyè Lórí Pọ́ǹpù Tó Ń Kùn

Èmi, Ephraim Adérógbà Ọláoyè, ọmọ bíbí Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí mo ti ń gbé ní Ilo-Awela, Sango-Ọ̀tà, láti ọdún 1986, ni mo kọ ìwé yìí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ọpọlọ mi pé, ojú mi ríran, kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Etí mi nìkan ni dókítà ní kí n má gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Mo sọ fún un pé etí yẹn gan-an ló bọ́ mi fún ọdún mẹ́rìnlélógún ní iléeṣẹ́.

Mo fi Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, tí a jọ tún pọ́ǹpù ṣe ní iléeṣẹ́, àti Rónkẹ́, àbúrò ìyàwó mi, ṣe alábòójútó ìhágún yìí. Kí wọ́n kà á sókè ní yàrá ìgbàlejò mi, níṣojú àwọn ọmọ mi méjèèjì, Àdúràolúwa àti Pamílẹ́rìn. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí Pamílẹ́rìn kò ti fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí. Bí kò bá wá, ẹ má kà á. Ẹ máa lọ bá a ní Àtàn, níbi tó ń gbé, títí yóò fi wá. Ilé àti ilẹ̀ kọ́ ló mú mi jókòó kọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan tí mo jẹ ọmọ yẹn ni.

ÌKÍNNÍ. Ilé mi tó wà ní Ilo-Awela jẹ́ ti àwọn ọmọ mi méjèèjì, lọ́gbọọgba. Àdúràolúwa ni kó mú ṣọ́ọ̀bù iwájú tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Tábìlì tí mo kàn mọ́ ògiri ní yàrá ìgbàlejò, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi ka ìwé yìí tán.

ÌKEJÌ. Ilẹ̀ mi ní Igbesa jẹ́ ti Àdúràolúwa, tó ń gbọ́únjẹ fún mi tí kì í sì í bú mi nígbà tí mo bá fi í sílẹ̀ láìjẹ. Ewúrẹ́ mi mẹ́ta jẹ́ ti Rónkẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń pariwo pé wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ òun tán. Kí òun náà jẹ wọ́n.

ÌKẸTA. Sípánà kékeré kan wà lábẹ́ ibùsùn mi, nọ́ńbà mẹ́jọ. Akínwándé ló ni ín. Ní ọdún 1998 mo búra níwájú ọ̀gá wa pé n kò rí i, wọ́n sì kọ orúkọ Akínwándé sínú ìwé ìbáwí pé ó sọ irinṣẹ́ nù. Mo dá a padà fún un pẹ̀lú ìtìjú. Kó má tíì gbé e lọ sílé, a ó lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

ÌKẸRIN. Ọgbọ́n tí mo kọ́ lórí pọ́ǹpù kékeré, mo fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sango, kí ó má baà ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Ní ọdún 2013, nígbà tí ìjọ ńlá àti yunifásítì ń dìde lọ́tùn-ún lósì, Pamílẹ́rìn ń ṣiṣẹ́ ohùn àti àwòrán fún ìjọ kan. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà kan tí omi ń tù kí ó má baà gbóná jù. Omi náà ń gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yí po, ó ń kọjá lára réédíétọ̀ bíi ti mọ́tò, pọ́ǹpù kan tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ ló sì ń tì í. Olúwayẹ́misí, ìyàwó mi, ìyá àwọn ọmọ mi, ti ń ṣàìsàn nígbà náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì fẹ́ kí Pamílẹ́rìn gba orin mọ́kànlá sílẹ̀ lẹ́nu òun kí ohùn òun tó lọ tán. Kò lágbára láti wọ ọkọ̀ lọ sí ìjọ, nítorí náà yàrá ìgbàlejò wa ni wọ́n ti ṣe é. Pọ́ǹpù náà ń kùn. Pamílẹ́rìn bẹ̀ mí pé kí n bá òun pa á lẹ́nu mọ́, nítorí pé èmi ni mo mọ pọ́ǹpù.

Mo mọ pọ́ǹpù lóòótọ́. Ní iléeṣẹ́ wa, bí pọ́ǹpù bá ń gbọ̀n, bóòtù la fi ń dè é mọ́ kọnkéré, a ó sì fún un títí apá yóò fi dùn wá. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo fi bóòtù mẹ́rin de ọmọ pọ́ǹpù yẹn mọ́ àpótí irin, mo de àpótí mọ́ tábìlì, mo kan tábìlì mọ́ ògiri. Ariwo di ìlọ́po mẹ́ta. Pọ́ǹpù gbọ̀n, irin gbọ̀n, pákó gbọ̀n, ògiri náà sì dá sí i. Pamílẹ́rìn ní kí n tú u. Mo ní ọmọ tí mo bí kò lè kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo fi rán an nílé ìwé. Lójoojúmọ́ ló ń kùn sí mi, lójoojúmọ́ ni mo ń bú u, ìyá rẹ̀ sì ń kọrin láàárín wa.

Ọjọ́ tó kọ orin kọkànlá ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kejì, Àdúràolúwa ti ibẹ̀ dé, ó sì jẹ́ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, pé Màmá ní kí ẹ jẹ́ kó máa kùn. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì béèrè. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo gbà pé Olúwayẹ́misí ti dá mi láre, pé kí n fi Pamílẹ́rìn sílẹ̀ kó máa kùn lọ. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, lójú gbogbo ẹbí, ọmọ náà tún sọ pé pọ́ǹpù mi ti ba ohùn ìyá òun jẹ́. Mo dìde. Mo ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ìyá rẹ̀ sọ nípa rẹ̀ ni pé kí a jẹ́ kó máa kùn. Ó wo ojú Àdúràolúwa, Àdúràolúwa sì ní bẹ́ẹ̀ ni Màmá wí. Pamílẹ́rìn fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó fi bàtà sílẹ̀, ó jáde.

Ó wá ku èmi àti ẹ̀rọ. Mo tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gé fóòmù lára mátíráàsì àtijọ́, mo fi í sábẹ́ pọ́ǹpù. Mo fi tíúbù kẹ̀kẹ́ tí mo gé so ó rọ̀, kí ara rẹ̀ má baà kan irin níbì kankan. Mo gbé àpótí síhìn-ín sọ́hùn-ún títí afẹ́fẹ́ tó há sínú omi fi jáde, nítorí afẹ́fẹ́ yẹn a máa mú pọ́ǹpù dún bí ẹni ń họ ìkòkò. Mo dín eré rẹ̀ kù díẹ̀. Ẹ má ṣe de pọ́ǹpù kékeré mọ́ irin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá mọ ohun tí ọmọ mi ti sọ fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

ÌKARÙN-ÚN. Tọnafíìsì gígùn mi, èyí tó ní ọwọ́ pákó, jẹ́ ti Pamílẹ́rìn. Òun ni mo fi ń gbọ́ àìsàn pọ́ǹpù: ọwọ́ pákó a wà ní etí mi, ẹnu irin a wà lára ẹ̀rọ. Kí ó tó gbà á, kí ó mọ̀ pé mo ti fi gbọ́ ohun mìíràn.

Nígbà tí pọ́ǹpù dákẹ́, kíkùn náà kò dákẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni. Wọ́n ti mú iná lọ, kò sí jẹnẹrétọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò, mo sì gbọ́ ọ, ohùn kan náà. Mo gbé tọnafíìsì lé tábìlì, mo gbọ́ ọ níbẹ̀. Mo gbé e lé ògiri, mo gbé e lé dúrọ́ọ̀mù omi, mo gbé e lé ibùsùn níbi tí ìyàwó mi máa ń sùn sí. Ó wà níbi gbogbo. Ó ń ròkè díẹ̀, ó ń wálẹ̀ díẹ̀, bí Olúwayẹ́misí ṣe máa ń kùn tó bá ń ṣa ìrẹsì. Níkẹyìn, mo gbé ẹnu irin náà lé egungun àyà ara mi. Ibẹ̀ ló ti dún jù. Ẹ̀rù bà mí, mo sọ tọnafíìsì sílẹ̀, mo sì jókòó síta títí Àdúràolúwa fi ti ọjà dé. Pásítọ̀ ti wá gbàdúrà, dókítà ti fún mi ní oògùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò dákẹ́.

ÌKẸFÀ. Kọ̀ǹpútà náà, àti orin mọ́kànlá tó wà nínú rẹ̀, jẹ́ ti Pamílẹ́rìn nìkan.

Ọdún mẹ́fà ni n kò fi lè gbọ́ orin wọ̀nyẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yìí, mo ṣe ọkàn akin, mo tan ẹ̀rọ, mo sì gbọ́ wọn láti orí èkínní dé èyí tó kẹ́yìn. Ẹ̀rọ ti dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ èémí ìyàwó mi. Nínú orin kọ̀ọ̀kan, pọ́ǹpù ń kùn lábẹ́ ohùn rẹ̀. Kí ó tó gbé orin, òun náà a kọ́kọ́ kùn pẹ̀lú pọ́ǹpù, yóò bá a dọ́gba, lẹ́yìn náà ni yóò la ẹnu. N kò mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí orin kọkànlá parí, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún. Pamílẹ́rìn ti sáré jáde lọ wá ọkọ̀, kò sì rántí pa ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ rò pé ó ṣì wà lẹ́yìn òun. Ohun tó sọ nìyí, mo kọ ọ́ bó ṣe wí i:

“Pamílẹ́rìn, sọ fún bàbá ẹ kí wọ́n má tú pọ́ǹpù yẹn o. Ohùn mi ò dúró mọ́, ara kíkùn ẹ̀ ni mo ti ń mú ohùn orin. Kí wọ́n jẹ́ kó máa kùn, jàre. Ìwọ náà, má bínú sí wọn mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe.”

Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ àfi ẹ̀rọ. Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ náà ló fi rán Àdúràolúwa. Àdúràolúwa kò mọ̀ ọ́n, ẹ má dá a lẹ́bi. Èmi ni kò béèrè ta ni wọ́n ní kó máa kùn. “Ó” lè jẹ́ ènìyàn, “ó” lè jẹ́ ẹ̀rọ, mo sì mú èyí tó dùn mọ́ mi, mo fi lé ọmọ jáde nílé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí Àtàn láti lọ sọ fún un. Lẹ́ẹ̀kínní, mo dé ẹnu géètì, mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín nínú ilé, mo sì padà. Lẹ́ẹ̀kejì, n kò tilẹ̀ dé géètì. Ojú ń tì mí, ó sì ń dùn mí gidigidi.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, kí Akínwándé yọ fóòmù kúrò, kí ó mú sípánà rẹ̀, kí ó fún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà bí mo ṣe fún wọn. Kí ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kó kùn. Ẹ wá fi orin kọkànlá sí i, kí ẹnikẹ́ni má pa á títí ìyá yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà, bí Pamílẹ́rìn bá fẹ́, kó tú bóòtù náà. Bó bá sì fẹ́, kó fi wọ́n sílẹ̀.

Pamílẹ́rìn, ọmọ mi, ìwọ kọ́. Pọ́ǹpù ni. Bàtà rẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí o bọ́ ọ sí. Jọ̀ọ́, wọ̀ ọ́.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní Ilo-Awela, Sango-Ọ̀tà, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, ọdún 2019. Kò sí iná.

E. A. Ọláoyè

Àwọn ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ nígbà tó fọwọ́ sí i:

Lucy Ṣótúndé, olùkọ́, Ilo-Awela.

Làtífátù Bíọ́lá, aránṣọ, Ilo-Awela. Mo rí i nígbà tó fọwọ́ sí i. Mo sì gbọ́ ohun tó ní òun ń gbọ́.