Kẹ̀kẹ́ Onígi Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Tà Mọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí Ọlọ́hun fi yín sí, nítorí ìròyìn tí mo mú wá kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Láàárọ̀ òní, ènìyàn méje ló ń fi ayùn rẹ́ pákó ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Adéwọlé, kò sì sí káfíńtà kan nínú wọn! Inú mi dùn débi pé mi ò tíì lè jẹun. Lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nínú irun mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ìròyìn tí kò lórí. Lẹ́yìn tí ẹ fi ayé sílẹ̀ lọ, mò ń ṣe ilẹ̀kùn, mò ń ṣe àga, mo sì ń fi àjákù pákó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìrìn. Bí ẹ ṣe kọ́ mi náà ni mò ń ṣe é: kò sí ìṣó, kò sí ọ̀dà, òrí tí màmá wa ṣe fúnra wọn ni mo fi ń ra á, òrí kan náà tí ẹ fi ń ra àwa ọmọ yín lára. Ẹ rántí pé kí oníbàárà tó gbé e, ẹ máa ń kẹ̀yìn síta, ẹ ó fi ahọ́n lá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, ẹ ó tún fi eyín tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ rò pé a ò rí yín. A máa ń rí yín, Bàbá.

Òfin tuntun wá dé. Àwọn ohun ìṣeré oníke kan tó wọ̀lú ń ṣe ọmọ léṣe, ni ìjọba bá pàṣẹ pé ohunkóhun tí a bá máa tà fún ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ fún àyẹ̀wò l'Ékòó. Mi ò bá wọn jà. Ìyá ọmọ lèmi náà. Ṣùgbọ́n irú kọ̀ọ̀kan ló máa gba àyẹ̀wò tirẹ̀, bí pákó bá sì ti yàtọ̀, irú mìíràn nìyẹn. Tiwa ńkọ́? Ẹsẹ̀ kan ìrókò, èkejì igi apá, ọwọ́ rẹ̀ arère! Kò sí méjì tó jọra rí. Fọ́ọ̀mù tí mo gbà ní ọ́fíìsì wọn lágbègbè Post Office tún béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ohun tí mo fi ra igi náà. Èmi òpè, mo kọ orúkọ màmá wa sí i. Wọ́n dá a padà. Bí mo bá fi ọ̀dà inú agolo kùn ún, ìyẹn ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lára.

Àwọn káfíńtà mìíràn kọ "ẹ̀ṣọ́ pálọ̀" sára tiwọn, bíi pé kì í ṣe ti ọmọdé, wọ́n ń tà á lọ. Ọwọ́ mi ò gbà á. Mo pa iṣẹ́ náà tì, mo sì gbà pé ọwọ́ mi ni kẹ̀kẹ́ yín máa kú sí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Rámátù, ọmọ aládùúgbò wa tó fi kẹ̀kẹ́ yín kọ́ ìrìn. Ó gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n, ó wá ra ọ̀kan, mo lé e padà.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ẹ ò tà á? Wàláhì, kẹ̀kẹ́ Bàbá ni mo wá rà o, mi ò wá ra sìgá!"

Nígbà tó yá, mo lọ wọn ilẹ̀kùn nílé rẹ̀. Kí ni mo bá? Ọmọ náà ń fi ike ọ̀dà tó ti ṣófo kọ́ ìrìn, ó ń tì í káàkiri àgbàlá. Ẹnu ike náà ti là, irin ọwọ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Òfin tó ní kí ọmọ má fara pa ló gbé e dé ìdí ike yẹn, èmi ni mo sì bá a ti ilẹ̀kùn. Mo sunkún délé. Ṣé inú bí yín sí mi lọ́jọ́ yẹn? Ẹ̀yin ì bá tà á fún un?

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo padà sí ọ́fíìsì náà. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bóyá òfin mú ẹni tó bá ṣe kẹ̀kẹ́ fún ọmọ ara rẹ̀.

"Haba, Màmá! Èyí tí wọ́n bá tà la ń yẹ̀ wò. Ta ló máa lọ mú bàbá ọmọ nínú ilé ẹ̀?"

Bàbá, díẹ̀ ló kù kí n fo tábìlì kọjá lọ dì mọ́ ọn! Mi ò ta kẹ̀kẹ́ mọ́. Àwọn òbí ni mò ń kọ́, kálukú sì ń ṣe ti ọmọ rẹ̀. Òní la bẹ̀rẹ̀.

Rámátù ló kọ́kọ́ dé. Bàbá àgbà kan wá láti Tanke nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì kan wọ táì wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ayùn rẹ́ ṣòkòtò ara rẹ̀. Màmá wa jókòó ti igbá òrí bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́, wọ́n ń bù ú fún wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo ní kí kálukú lá tirẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ara wọn. Ni ará báńkì bá ju táì rẹ̀ sẹ́yìn, ó yọ ahọ́n!

Èyí tí ẹ ṣe fún mi nígbà tí mo ń kọ́ ìrìn, tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri, ni mo sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n máa wò ó ṣe tiwọn. Àmì eyín mi méjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ará báńkì yẹn ti gbé ìgbẹ́gi, ó fẹ́ gbẹ́ méjì bẹ́ẹ̀ sára tirẹ̀, ó rò pé ara iṣẹ́ ni! Mo ní kó fi í sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ á fi eyín tirẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fẹ́ gbé tèmi padà sára ògiri. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ní ọ̀kánkán àmì eyín mi, mo rí àmì eyín àgbàlagbà kan tí mi ò kíyè sí rí. Ẹ ti tọ́ ọ wò kí n tó fi sẹ́nu.

Èmi ọmọ yín, tí ìtọ́wò òrí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.